Orí Ìkẹyìn Tí Màmá Edith Fi Pa Mọ́

Ìlú Ilobi ni a ti bí Màmá wa, Olóògbé Edith Àṣìkẹ́ Ògúnníyì, ní ọdún 1961, sínú ìdílé Bàbá Cornelius Ọlájídé, àgbẹ̀ tó tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìjọsìn, àti Màmá Lábísí. Màmá kàwé ní Ilobi àti Ìlaròó, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1983.

Ní 1985, wọ́n fẹ́ Bàbá Caleb Ògúnníyì, àwọn méjèèjì sì tẹ̀dó sí Ọjà-Ọ̀dàn. Bàbá sùn nínú Olúwa ní 2009. Àwa ọmọ ti lọ jìnnà nígbà náà, ilé sì dá páro.

Èdè Yorùbá ni Màmá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. A kò ní purọ́ nítorí pé wọ́n ti lọ: Màmá le, ẹnu wọn sì mú. Nígbà tí wọ́n rí i pé fóònù nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ máa tẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa ṣe eré inú ìwé ìtàn, kí wọ́n sì fi fóònù òun yà á sí fídíò. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: “Ẹni tí ò bá tíì kà á, kó má fọwọ́ kan fóònù mi.” Bí àwọn ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í du ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Mùínátù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló mọ̀ ọ́n yà jù. Ó lọ kí bàbá rẹ̀ ní Pobẹ̀, ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, nígbà ìsinmi ọdún 2019, ni ìjọba bá ti ẹnubodè pa. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun kò ní gba inú igbó kọjá, ó sì fi í sí ilé ìwé Faransé. Ìdajì ìwé tí wọ́n ń yà lọ́wọ́ ló ti kà, ìtàn ọmọ kan tó ń wá ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ba Màmá pé ọmọ náà kò ní ka ìwé Yorùbá mọ́ láé. Wọ́n ní kí àwọn tó kù máa ya ìtàn náà lọ, Màmá sì ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mùínátù ní orí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku orí kan, Màmá dúró.

Mùínátù bẹ̀bẹ̀ títí lórí fóònù: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó rí ìyá ẹ̀?”

Èsì tí Màmá fún un kò gùn: “Wá kà á fúnra ẹ.”

Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa. Bí Màmá bá fẹ́ jẹun alẹ́, wọ́n á gbé fóònù síwájú àga Bàbá, wọ́n á máa wo fídíò àwọn ọmọ. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn kàn fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn nínú ilé ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wá.

Màmá kì í pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ, wọ́n sì jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ìyá ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìparí ọdún 2020 ni wọ́n ṣí ẹnubodè. Màmá nu ìwé náà, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n ń retí Mùínátù ní ọjọ́ ìwọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kí wọ́n rí ọjọ́ náà. Màmá dákẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2021. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Mùínátù dé. Ó bá ìwé lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ó ní Màmá lòun máa kà á fún.

Ọmọ méjì ló gbẹ̀yìn Màmá, Ìtẹ́olúwakìíṣí ní Kánádà àti Ọdúnayọ̀ ní Àbújá, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n Màmá, Ọ̀ṣunkẹ́mi, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò lè kà tán.

Lónìí, kí a tó da erùpẹ̀, Mùínátù yóò ka orí ìkẹyìn náà sókè lẹ́bàá ibojì. A bẹ ẹ̀yin àlejò wa, ẹ má yà á sí fídíò. Ẹ ò tíì kà á.

Màmá, èrò pé lónìí. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ yín, kí ẹ sì sùn re o.