Àwo Orin Tí O Dá Fọn

                                        Agbo-ilé Àríyọ̀,
                                        Ṣakí.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1981.

Olúkúnlé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni òtútù Jámánì ti ń ṣe ọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó tì mí lójú pé mi ò mọ orúkọ wọn; jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ara wa le nílé. Ọkà bàbà ti gbó, ọyẹ́ sì ti ń yọjú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Mọ́ládé àbúrò wa gbé àwo orin tí o fi ránṣẹ́ sí i wá fún mi. Mo wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ títí, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí: Olúkúnlé Àríyọ̀, fèrè kilarinẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e yí agbo-ilé ká, mo ń fi han àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀wé kà.

Mo wá ránṣẹ́ pe Ràmọ́nì tó ń lu ìlù ńlá nínú báńdì ilé-ìwé wa nígbà tí ìwọ náà wà níbẹ̀, àti mẹ́rin nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A jókòó ti gíramafóònù. Ìwọ nìkan ni à ń gbọ́, kò sí ìlù, kò sí orin tí a mọ̀, o kàn ń fọn ún bó ṣe ń wá sí ọ lọ́kàn. Ràmọ́nì béèrè bóyá àwọn yòókù ò rí mọ́tò wọ̀ ni. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i sí ojú kejì, òun náà ló na ọwọ́ sókè.

“Ẹ dákẹ́, Ọ̀gá. Àwọn ẹyẹ awó oko bàbá yín ló ń ké yẹn, ajá ló lé wọn.”

Òótọ́ ni. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ bí o ṣe ń mí.

O rántí ọjọ́ ìparí ọdún ní 1958. Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé, èmi náà ni olórí báńdì. O kúrò lórí ohun tí mo kọ sínú ìwé, o ń fọn tìrẹ. Mo dá gbogbo yín dúró lórí pápá, níwájú àwọn òbí, mo ní kí àwọn yòókù sọ tiwọn kalẹ̀, kí ìwọ máa dá fọn ún, kí gbogbo ayé gbọ́ rádaràda. Wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O fọn ún parí, o sì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé orin ni o ò lè kọ́ tí o fi sá lọ. Irọ́ ni mo pa.

Mo dìde níwájú àwọn márùn-ún yẹn, mo ní: “Olúkúnlé mọ̀ ọ́n fọn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò gbọ́.” Ràmọ́nì ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, ta ni yóò sọ fún Ọ̀gá?

Dárí jì mí. Ọ̀gá ilé-ìwé tó wà níbẹ̀ báyìí ti gbà kí o wá fọn ún lórí pápá kan náà lọ́dún Àjíǹde, ìwọ nìkan, bó bá ṣe wá sí ọ. Bí o kò bá fẹ́ wá, mi ò ní bínú. N óò gbé gíramafóònù lọ síbẹ̀, n óò sì sọ ohun tí mo ṣe fún wọn kí àwo tó bẹ̀rẹ̀.

Mọ́ládé kí ọ, Ràmọ́nì náà kí ọ. Bá mi kí ará ilé rẹ.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
                                        Adégbénró Àríyọ̀.