Gbàdàmọ́sí Àlàbí, Ẹni Tó Yára Ju Òjò Lọ Lórí Kẹ̀kẹ́
(1942–2004)

Bàbá wa, olóògbé Gbàdàmọ́sí Àlàbí, fi kẹ̀kẹ́ gun òkè mẹ́tàdínlógún láti Sokodé dé Kambolé, omi ẹ̀kọ kókó tí a gbé ka iná ní Komah, àdúgbò wọn ní Sokodé, nígbà tí wọ́n ń gbéra kò sì tíì hó nígbà tí wọ́n dé. Bí Bàbá fúnra wọn ṣe sọ ọ́ fún ọdún márùndínlógójì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kí ó lọ gbé omi kaná.

A bí olóògbé ní Kambolé lọ́dún 1942, ní àsìkò tí wọ́n ń wa iṣu tuntun. Bàbá wọn ni Súlè Àgbẹ̀, tí ebè iṣu rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹyẹ máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó fò ó kọjá. Ìyá wọn ni Àkànkẹ́, ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Àgbò kan ṣoṣo ni wọ́n pa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo Kambolé jẹ ẹ́ yó, àwọn ará Bago tó wà nítòsí sì wá kó èyí tó ṣẹ́kù.

Ní 1950, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí kéwú lọ́dọ̀ àlùfáà àdúgbò. Ní 1953, wọ́n bọ́ sí ilé ìwé Faransé ní Tchamba, wọ́n sì lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Tíṣà bi wọ́n pé kìlómítà mélòó ló wà láàárín Tchamba àti Sokodé. Bàbá dáhùn pé òkè mẹ́rin ni, odò méjì, àti ìyá arúgbó kan tó máa ń fún èèyàn lómi mu. Òdo ni tíṣà kọ fún wọn. Lójú ìdílé, ìdáhùn náà wúlò fún arìnrìn-àjò ju kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìwé kíkà parí sí.

Ní 1963, Bàbá lọ sí Sokodé, wọ́n sì fi Komah ṣe ibùgbé. Ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Kotokoli ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títún ṣe. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kan búkà tiwọn sábẹ́ igi máńgòrò kan. Bàbá lè mọ ibi tí taya ti lu láti ìró rẹ̀ nìkan, kẹ̀kẹ́ náà ì báà wà ní òpópónà kejì. Ọwọ́ wọn dára, kò sí ẹni tó jiyàn ìyẹn. Ẹnu wọn nìkan ni kò ní bírèèkì.

Láti 1981 títí di 1997, Bàbá ni wọ́n ń mú àwọn òyìnbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣèbẹ̀wò la àárín igbó àti òkè kọjá, láti Sokodé lọ sí Tchamba, gba Bago, títí dé Kambolé. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí ní máàpù, àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, sì máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn wò. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, káàdì rẹ̀ tó wà lápò Bàbá ló ń mú kí wọ́n dá máàpù náà padà. Ṣùgbọ́n Bàbá kò wo máàpù rí. Inú ìwé àjákọ kan ni wọ́n kọ ọ̀nà sí, a sì bá a lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ó kà báyìí: "Ní igi òrí tí mànàmáná là sí méjì, yà sọ́tùn-ún. Bí o bá rí òkúta tó dà bí àgbò tó ń mu omi, tẹ bírèèkì, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ti gba eyín mẹ́rin lẹ́nu mi. Lábẹ́ ìrókò kẹta, má sinmi, ìjàlọ ló nibẹ̀." Kò sí òyìnbó tó sọnù sọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan bínú padà sílé nítorí pé Bàbá sọ fún un pé òkè tó kù kò ju ìyẹ̀fun iṣu inú abọ́ lọ.

Ní ti ẹ̀sìn, Bàbá ni wọ́n ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Komah fún ọdún mọ́kànlá. Ohùn wọn ń dé ibi tí ìdílé kò ní sọ níhìn-ín, nítorí pé ibi mímọ́ ni à ń sọ. Ní ti ìrànlọ́wọ́ fún ará ìlú, ní 1988, odò kún, ọkọ̀ kò lè kọjá. Bàbá gbé aboyún kan, Tàwàkálítù, tó ń rọbí, sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n gba orí òkè láti Bago lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchamba. Bàbá máa ń sọ pé ìbẹta ló bí. Ọmọ kan ni. Ọmọ náà wà láàyè, ó sì wà láàárín yín lónìí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2004, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá jáde láyé ní Komah lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Kambolé ni a sin wọ́n sí lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá fi ìyàwó wọn sílẹ̀, Màmá Hàwáù. Àwọn ọmọ wọn, Ìdíátù, Àjàyí àti Modúpẹ́. Àti àwọn ọmọ ọmọ mọ́kànlá, bí àwọn ìbejì Ìdíátù bá dúró lójú kan kí a kà wọ́n.

Ìpínrọ̀ ìgbéyàwó ló yẹ kó ti wà lókè. A gbé e sí ìsàlẹ̀ nítorí pé a ti tẹ apá òkè tán kí Màmá tó sọ bó ṣe rí. Wọ́n ní tí a kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní jókòó síbi àdúrà ogójì ọjọ́ yìí.

Lọ́dún 1969, Bàbá ń fẹ́ Hàwáù, ọmọ Àlùfáà Yẹ̀kínì ti Kambolé. Ohun kan ló ń ba Àlùfáà lẹ́rù. Ọmọbìnrin tó bá lọ́kọ sí Sokodé nígbà náà, ó di ọdún kí wọ́n tó tún rí i, nítorí pé ọjọ́ ọjà nìkan ni ọkọ̀ èrò ń wá, ọkọ̀ náà sì máa ń bàjẹ́. Àlùfáà wí pé, "Àlàbí, bí mo bá fún ọ lọ́mọ, ìgbà wo ni n ó tún fojú kàn án?"

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń wá, orí òkè ni mò ń gbà, inú igbó. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni yóò máa jókòó."

"Orí òkè wo? Òkè tí ewúrẹ́ ń kúnlẹ̀ kó tó gùn ún?"

"Èmi kì í sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, Bàbá."

Àlùfáà ní, "Ó dára. Máa gbabẹ̀ wá. Bí mo bá rí i pé irọ́ ni, wá obìnrin ní Komah."

Jímọ̀ mẹ́fà ni Bàbá fi dé sí Kambolé pẹ̀lú òógùn àti eruku pupa láti orí dé ìka ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Òótọ́ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ oníyọ̀ kan wà tí Àyàndélé, ọ̀rẹ́ Bàbá, ń wà. Orí ọkọ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ ń gùn wá, Bàbá a sì máa sùn sórí àpò iyọ̀. Bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú, wọn a sọ̀kalẹ̀, wọn a ṣí agolo kan, wọn a da eruku inú rẹ̀ sára, wọn a wá gun kẹ̀kẹ́.

Jímọ̀ keje ni ọjọ́ yìgì. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣì rò pé ó wà, oṣù kẹta ni. Òjò àkọ́rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, ó na ilẹ̀ láti Sokodé dé Kambolé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà tí ọkọ̀ dúró. Abẹ́ tapólì ni Bàbá sùn sí, òjò kò kàn wọ́n. Ojú oorun ni wọ́n fi da eruku sára lórí àpò iyọ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀.

Gbogbo àwọn tó wà níwájú ilé Àlùfáà ló lẹ́rẹ̀ dé orókún. Bàbá nìkan ló dé ní gbígbẹ, tó pupa bí ọ̀nà inú ọyẹ́.

Àṣàkẹ́, àbúrò Àlùfáà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àlàbí, níbo lo ti rí eruku lónìí? Bá wa bù díẹ̀, a fẹ́ fi gbẹ ìta."

Àlùfáà ní, "Ṣé òjò kò rọ̀ lórí òkè ni?"

"Ó rọ̀, Bàbá. Mo yára jù ú lọ ni. Ó ṣì wà lẹ́yìn mi ní Tchamba nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkọ̀ oníyọ̀ fi dé. Àyàndélé yọ orí jáde, ó na ọwọ́. "Ọkọ ìyàwó, o gbàgbé agolo eruku rẹ sórí iyọ̀."

Bàbá wo agolo, wọ́n wo Àlùfáà, wọ́n sì fò sórí kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ti dí títì. Ọ̀nà ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ló kù, ó sì lọ tààrà sórí òkè, sínú igbó. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà. Ẹrẹ̀ ń fò, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí ìgbà tí yóò ṣubú. Àlùfáà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lórí àpáta, ó ń wò.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Kò sọ̀kalẹ̀."

Àṣàkẹ́ ní, "Ìtìjú ló ń lé e, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ohun tó bá wù ú kó máa lé e. Ó ń gùn ún." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Hàwáù, ṣé o ṣì fẹ́ òpùrọ́ yìí?"

Màmá ní, "Bàbá, èmi ni mò ń kó eruku sínú agolo náà fún un. Mi ò mọ̀ pé òjò á rọ̀."

Àlùfáà sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n ọkọ, tó wà láàárín èrò, wá jókòó ní ipò àbúrò rẹ̀, nítorí pé kò dìgbà tí ọkọ bá wà ní ìjókòó kí a tó so yìgì. Wọ́n so ó, wọ́n ṣàdúà, wọ́n pín obì. Ní àsìkò yẹn, ọkọ ìyàwó ti wọ inú igbó lọ, ó ń wá ọ̀nà Sokodé láàárín àwọn igi, ó sì dá a lójú pé wọ́n ń lé òun bọ̀. Ọ̀nà tí Bàbá rí lọ́jọ́ náà ni wọ́n padà ń mú àwọn òyìnbó gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi jẹ́ ọkọ Màmá láìmọ̀, kí ìròyìn tó bá wọn ní Komah.

Bàbá, ẹ máa gùn ún lọ. Kò sí ẹni tó ń lé yín mọ́. Kí Ọlọ́run fẹ ọ̀nà yín lójú, ẹ má sọ̀kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé Alijánnà.