Mọ́tò Ẹlẹ́ńjìnì Méjì Tí Mo Ná Fún Ọ

Ọmọ mi àtàtà, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àtijáde àti àtiwọlé rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí ojú yóò ti tì ọ́, àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n sọ fún ọ pé ó ti lọ, kí o má baà dá oògùn tí ò ń fi ránṣẹ́ dúró. Orókún mi ọ̀tún ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, àwọn méjèèjì sì ń mu ọmú dáadáa.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò lo fẹ́ gbọ́, mo sì mọ̀ pé inú ń bí ọ. Jẹ́ kó máa bí ọ. Inú ń bí èmi náà, torí náà jókòó kí o kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

O ní kí n lọ sí ilé ìtajà mọ́tò tó wà ní ìlú ẹ̀gbẹ́ wa, kí n wo mọ́tò tó ń lo epo tó tún ń lo iná, èyí tí o ti ń tọ́jú owó rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, kí n bá ọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nítorí ibi iṣẹ́ rẹ kò fún ọ láyè, kí n sì má ná an rárá. O ní iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀ náà ni iye rẹ̀. O tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù, bí ẹni ń lé ẹran kúrò nídìí àgbàdo. Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi ń ra ewúrẹ́ tí mo ń tà á. Èrè orí ewúrẹ́ ni mo fi rán ọ lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti kọ́ ọ pé wọn kì í ná ọjà. Ọdún méjì rèé tí orókún yìí kò jẹ́ kí n dé ọjà ẹran mọ́, mi ò sì tíì bá ẹnikẹ́ni nájà láti ìgbà náà àfi ìyá rẹ. Wàá wá rán irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tajà, wàá ní kó panu mọ́?

Mo wọ bàtà tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn ilé náà, kí n tó kàn án ló ti ṣí fúnra rẹ̀, mo sì kí i pé ó ṣeun. Inú ilé tutù, ilẹ̀ ń dán débi pé mo rí irùngbọ̀n ara mi níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó de táì pàdé mi, Onítáì ni n óò máa pè é, ó fún mi lómi tútù. Mo mu omi náà ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín, n kì í rẹ́rìn-ín kí n tó gbọ́ iye.

Mo yẹ mọ́tò náà wò bí mo ṣe ń yẹ ẹran wò. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n la ẹnu rẹ̀. Onítáì ṣí iwájú rẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnì méjì ló ní, ọ̀kan ń mu epo, ìkejì ń lo iná bátìrì. Mo bi í bóyá àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ó ní rárá, pé nígbà míì ọ̀kan á máa sinmi. Mo ní kí ló dé tí ọmọ mi yóò fi sanwó èyí tó ń sinmi? Mo ní kó yọ ọ́, kó yọ owó rẹ̀ náà. Ó ní kò ṣeé yọ. Mo ní ìyẹn ni pé wọ́n fi tipátipá so ó mọ́ wa lọ́rùn, a ò sì ní san owó rẹ̀ pé.

Mo ní kó jẹ́ kó rìn. Ó wọlé, ó tẹ nǹkan kan, ó ní ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbé etí lé e, kò dún. Ẹran tí kò bá ké, ara rẹ̀ kò yá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé iná ló ń lò. Mọ́tò náà gbéra jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yọ́ jáde nínú ìpàdé. Bí a ṣe dé ẹ̀yìn ọgbà wọn ló bú ramúramù lójijì, ẹ́ńjìnì kejì ló jí. Mo ní ikọ́ nìyẹn. Ó ní kì í ṣe ikọ́. Mo ní àtìgbà tó yadi àtìgbà tó ń wúkọ́, èmi ti rí ìdí ẹ̀dínwó méjì. Ó tún ní ìgbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì ni bátìrì rẹ̀ máa ń rí iná jẹ, torí náà máa tẹ bíréèkì dáadáa o, má febi pa á.

Mo wá dá iye tèmi. Onítáì ní kọ̀ǹpútà kò gbà. Mo ní kó mú mi lọ bá kọ̀ǹpútà náà, kí èmi àti òun rí ara wa lójú, torí mi ò fẹ́ràn kí ọ̀gá máa fara pamọ́ sẹ́yìn ọmọ iṣẹ́. Ó fi í hàn mí lórí tábìlì. Mo kí i, mo sọ ti orókún mi fún un, mo ní kó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò dáhùn. Agbéraga bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà ẹran, mo sì mọ ohun tí a ń ṣe sí wọn. Mo dìde, mo ní ó dàbọ̀, mo ń lọ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè pè mí padà. Mo dúró tún okùn bàtà so, mo tún rìn. Ilẹ̀kùn aláìmọ̀kan yẹn kò jẹ́ kí n pẹ́, mi ò tíì dé ìdí rẹ̀ tó fi là sílẹ̀ gbayawu bí ẹni ń lé mi. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo jókòó síta wọn títí oòrùn fi yí, kí n tó padà sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lo pè, Onítáì ti ròyìn mi fún ọ, o ní mo ti dójú tì ọ́, pé ayé ìnájà tèmi ti kọjá. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, fóònù mi dún, Onítáì ni. Mo jẹ́ kó dún tán, torí n kì í yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá pè mí. Ó tún pè, mo gbé e. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ní wọ́n ti gbà, gbogbo ohun tí mo ní kí wọ́n dín ni wọ́n ti dín. Ìyá rẹ jó. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ti to fọ́ọ̀mù kalẹ̀ dè mí. Ibi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ mi, mo kọ oníṣòwò ewúrẹ́. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí wọn yóò pè bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, mo kọ ọ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀, mo sì fi àmín sí i. Ó ku kí n fọwọ́ sí i, ni mo bá wo ojú Onítáì. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi, ẹni tí mo bá ná dáadáa kì í rẹ́rìn-ín. Á mí kanlẹ̀, á búra pé òun rà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ní mo fẹ́ febi pa àwọn ọmọ òun. Onítáì kò mí kanlẹ̀, kò búra, kò mẹ́nu ba ọmọ kankan. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo bi í pé èló lọmọ mi ní òun yóò fi kún un lẹ́yìn mi. Ó húkọ́, ó wo táì rẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé o ti bá òun sọ ọ́, pé ìwọ lo máa san gbogbo owó tí wọ́n ṣe bí ẹni dín, kí inú bàbá lè dùn.

Kí inú bàbá lè dùn! Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí, tí ẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún kó lè rò pé òun dá yín?

Mo ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì, mo jókòó lé e. Mo ní a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ mi kò sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sí níbẹ̀, èmi àti òun ni. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nìyẹn. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó padà. Mo ń jẹ ẹ̀pà mi. Ó tún lọ. Ní aago kan ó dẹ táì rẹ̀. Ní aago mẹ́ta ó búra. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó mí kanlẹ̀, ó nu ojú, ó ní mo ti pa òun, ṣé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ òun febi sùn ni. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ìdajì ohun tí mo bèèrè ló dín, ṣùgbọ́n ó dín in lóòótọ́, láti inú àpò tiwọn. Mo ní èènì dà? Tí èèyàn bá ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ń fi okùn ọrùn rẹ̀ ṣe èènì. Ó fi ìtẹ́lẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ sí i, ó fi táyà kan kún un, ó sì rọ epo kún inú rẹ̀. Mo jẹ́ kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko, ara mi sì yá gágá.

Nítorí náà, ìdajì owó tí o fẹ́ fi tàn mí jẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, èmi ni mo sì bá ọ gbà á. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú rẹ̀. Òrùlé ilé ẹran ń jò, bàtà ìgbéyàwó ti là nídìí, ìyá rẹ sì ní kí o má gbàgbé oògùn ẹ̀fọ́rí. Má pè é ní ọrẹ o, owó iṣẹ́ mi ni.

Máa ra oògùn fún mi, máa ra aṣọ fún mi, mi ò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má ra ìṣẹ́gun fún mi mọ́. Bí mo bá máa pàdánù, jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pàdánù.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o fi mọ́tò náà rí ayọ̀, bátìrì rẹ̀ kò ní kú sọ́nà, ìjàǹbá kò ní mọ ilé rẹ. Ní ọjọ́ alẹ́ rẹ, ọmọ tìrẹ náà yóò rán ọ níṣẹ́, yóò sì jẹ́ kí o jẹ́ ẹ bí o ṣe mọ̀ ọ́n jẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
oníṣòwò ewúrẹ́.