Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀

Agboolé Làmídì,
Dapoya,
Ouagadougou,
Burkina Faso.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọlárónkẹ́, Ìyá Tófúnmi,

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì rèé tí o ti kúrò nínú agboolé yìí. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ fún mi ni o lọ, ọjọ́ ni mo sì ń kà látìgbà náà. Báwo ni ara màmá? Ṣé ìbàdí tí wọ́n fi ṣubú ti ń san? Ṣé wọ́n ti ń dìde jókòó fúnra wọn? Tófúnmi ńkọ́, ṣé ilé ẹ̀kọ́ Ejìgbò ti bá a lára mu, àbí Faransé ló ṣì fi ń bá àwọn ọmọ ibẹ̀ jà? Ìwọ alára ńkọ́? Mo mọ̀ pé tí o bá ń tọ́jú aláìsàn, o kì í rántí jẹun. Jọ̀wọ́, jẹun. Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ooru ti ń dé, eruku sì ti bo gbogbo inú ilé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Tí mo bá kọ ìlà méjì, màá dìde, màá fi igi méjèèjì rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá wo ìta, màá tún padà wá jókòó. Ara mi ò balẹ̀. Modinat ọmọ mi ló ń jókòó ti aṣọ níwájú ilé. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, bó ṣe ń fi èdè Mooré bá àwọn oníbàárà ná an, bó ṣe ń tètè gbà fún wọn, á sì máa ṣe mí bíi kí n pariwo pé kó má tíì gbà. Tí moto kan bá dúró, màá na ọrùn. Tó bá tún kọjá lọ, màá máa bínú sí ẹni tó gùn ún. Ìwọ náà mọ̀ mí, èmi tí mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Dapoya dé ọjà ńlá kí oòrùn tó mú. Ní báyìí, láti ibùsùn dé balùwẹ̀ ni ìrìn àjò mi.

Jẹ́ kí n sọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe wà. Nígbà tí o ń lọ, ó wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n tú òwú tí wọ́n fi rán an, ojú ọgbẹ́ náà sì jinná, ó rí tín-ín-rín bí ìlà tí télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fà sórí aṣọ. Gbogbo wa rò pé ó ti parí. Dókítà ṣáà ti sọ pé òun ti gé kókó ara iṣan náà kúrò, pé díẹ̀díẹ̀ ni ìrora máa lọ. Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kẹta tó tún dé. Ìrora àtijọ́ yẹn gan-an ni, èyí tí mo ti bá gbé fún ọdún mẹ́fà, bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná mọ́lẹ̀ láàárín ìka kẹta àti ìkẹrin. Á kọ́kọ́ jó mi, á wá ta lọ sí orí ìka bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn, lẹ́yìn náà ni ìka méjèèjì á kú, tí mi ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà lára mi. Aṣọ ìbora lásán kò gbọdọ̀ kàn án.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí. Ó tẹ̀ ẹ́, mo ké. Ó ní ibẹ̀ wú ju bó ṣe yẹ lọ, pé nǹkan kan ń ni ín lára. Ó bi mí bóyá mò ń rìn jù, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá mò ń wọ bàtà gíga, mo rẹ́rìn-ín. Ó wá ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí wíwú náà kò bá lọ, òun máa tún un là, òun ò sì lè ṣèlérí pé màá fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa mọ́. Àtàláàtà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ náà pé. Ohun tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, Àmínù ọkọ mi ni mo ń pè. Ọdún kan àti oṣù méjì rèé tó ti kú, síbẹ̀ mo ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó kàn lọ sí Tampouy lọ ra pièce tó fi ń tún moto ṣe ni. Òun ló máa ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà fún mi lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Á gbé e lé itan, á máa fi àtàǹpàkò wá ibi tó ń dùn mí kiri, bó ṣe máa ń wá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo ní kò tíì yá. Ó kú tán, mo wá lọ. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi lọ nígbà tó wà níbẹ̀ tí ì bá dúró tì mí. Ìwọ lo dúró tì mí, Ọlárónkẹ́, mi ò sì gbàgbé.

Dókítà wá rán obìnrin kan sí mi pé kó máa wá na ẹsẹ̀ náà fún mi nílé. Salimata lorúkọ rẹ̀, ọmọ Mossi bíi ti ìyá mi. Kiné ni wọ́n ń pe irú wọn níbí, àwọn tó máa ń kọ́ ẹ̀yà ara tó ṣàìsàn bí yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́. Kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Jímọ̀ọ́ ọjọ́ keje ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé orúnkún rẹ̀, ó ní kí n ro gbogbo ohun tí mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ fún òun. Mo rò ó. Orí àga ni mo ti ń wẹ̀. Orí àga ni mo ti ń jẹun. Orí àga ni mo ti ń kírun, torí ìmáàmù ti sọ fún mi pé aláìsàn lè jókòó kírun.

Ó ní, "Tantie, bóyá ẹsẹ̀ yìí ló ń parọ́ mọ́ yín, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń parọ́ fún mi."

Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ìyá Nuru fi dé. Láti ìgbà tí Àmínù ti kú, Àmínù tí wọ́n tọ́ bí ọmọ bíbí inú wọn, kò sí Jímọ̀ọ́ tí wọn kì í ti mọ́ṣáláṣí yà sọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú ike dégué, wàrà tí wọ́n po jéró mọ́, lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà báyìí, mo ti gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ Salimata, mo yọ̀ sílẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ọ̀sán mà." O mọ bí ìkíni wọn ṣe máa ń gùn tó. Wọ́n béèrè oorun, wọ́n béèrè oúnjẹ, wọ́n béèrè Modinat, wọ́n béèrè ọjà. Mò ń dáhùn, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà.

Ṣe ni Salimata pariwo ní Mooré. "Ẹ dìde! Ẹ dìde níbẹ̀!"

Ogójì ọdún ni Ìyá Nuru ti fi tajà ní Ouaga, kò sí Mooré tí wọn ò gbọ́. Wọ́n yíjú sí i. "Ta lò ń pariwo mọ́?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyá àgbà. Ẹsẹ̀ yẹn ni mò ń bá wí. Ẹ wo bí ìka rẹ̀ ṣe ká sílẹ̀. Gbogbo ara wọn ni wọ́n gbé lé ibi tí wọ́n là yẹn." Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ṣe báyìí lóòjọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n ka ti ọjọ́ náà nìkan. Mo kà á: ìmáàmù wá kí mi, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, Alhaja tó ni ilé tó kọjú sí tiwa wá, àwọn ìyá márùn-ún láti Gounghin wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo máa kà á dé orí Ìyá Nuru, ó ti di mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn ló wá kí mi pé kí ara mi yá.

Salimata ní, "Ẹni tó ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lójúmọ́, kí ló tún fẹ́ kí dókítà bá òun ṣe?"

Ó yà mí lẹ́nu gan-an pé kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo ti lọ bi ìmáàmù bóyá Ọlọ́run máa gbà kí n jókòó níwájú Òun, ó sì ní yóò gbà. Èèyàn ni mi ò bi.

Ìwọ ló sì yẹ kí n jẹ́wọ́ fún, torí ìwọ lo kọ́ mi. Ṣé o rántí, nígbà tí Àmínù ní èmi lòun fẹ́ fẹ́, tí Ìyá Nuru bi í lójú gbogbo èèyàn bóyá ọmọ tí obìnrin Mossi bí mọ ìkúnlẹ̀? Bàbá mi tó jẹ́ Yorùbá ti kú tipẹ́ nígbà náà, bí àwọn èèyàn ìyá mi sì ṣe ń kíni yàtọ̀. Ìwọ lo mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, tí o ní kí n kúnlẹ̀ kí n dìde, kí n kúnlẹ̀ kí n dìde, títí orúnkún mi fi funfun. O ní mò ń kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí! Látìgbà náà, kò sí obìnrin kan ní Dapoya tó ń yára kúnlẹ̀ tó mi, tàbí tó ń pẹ́ níbẹ̀ tó mi, títí kan àwọn tí wọ́n bí sí Ejìgbò gan-an. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi orúnkún sọ fún wọn pé ọmọ Yorùbá ni mí.

Ìyá Nuru gbé ike dégué sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ba ẹsẹ̀ rẹ jẹ́, àbí?"

"Rárá o, mà."

"Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Ó ní kíkí tí mò ń wá kí ọ ló ń pa ọ́ lẹ́sẹ̀." Salimata fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. "Ká ní Àmínù wà láàyè, ṣé wàá jókòó máa wò mí níran?"

Wọ́n wé ìborùn wọn, wọ́n lọ. Wọn ò jókòó, wọn ò gba omi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ìròyìn ti dé Gounghin kí ilẹ̀ tó ṣú. Obìnrin kan wá ra aṣọ, ó bi Modinat pé, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyá rẹ ti di madame?" Ẹni tó bá sì wá kí mi, orí àga ni mo ti ń kí i, á máa wò mí, èmi náà á máa wo ilẹ̀. Àmọ́ gbọ́ èyí: ní ọjọ́ kẹta, jíjó náà rọlẹ̀. Nígbà tó fi di Àlàmísì, mo fi aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ náà, mo sì sùn. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Gbogbo ìgbà ló ń ṣe mí bíi kí n gba ilé Ìyá Nuru lọ kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Kí n wá dé ibẹ̀ kí n ṣe kí ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì láìkúnlẹ̀? Ìwọ ò kọ́ mi níyẹn.

Mo rò pé wọn ò ní wá ní Jímọ̀ọ́ tó kọjá. Wọ́n wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike wọn lọ́wọ́. Orúnkún mi ti ń lọ fúnra rẹ̀, mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. Mo tẹrí ba títí àgbọ̀n mi fi kan àyà. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ dákun, ẹ má bínú mà, orí àga ni màá ti máa kí yín." Ojú ń tì mí débi pé etí mi gbóná.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà lórí àpótí tí mo gbé e lé. Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Ó ti dín kù, mà."

"Hùn." Wọ́n gbé dégué fún Modinat, wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní àwọn máa tún padà wá lọ́jọ́ kejì wá wò ó bóyá lóòótọ́ ló dín kù.

Wọ́n sì wá ní Sátidé. Wọ́n wá lánàá. Wọ́n wá lónìí náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo orúnkún mi, bí ẹni pé wọ́n ń retí nǹkan. Lánàá wọ́n bi mí pé, "Ìwọ ni mo wá kí ni, àbí àga?" Modinat bú sẹ́rìn-ín. Ètè Ìyá Nuru náà mì díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì dárí jì mí, Ọlárónkẹ́. Wọn ò dárúkọ Àmínù mọ́ níwájú mi, bẹ́ẹ̀ èmi àti àwọn nìkan la jọ ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Lónìí, ó kù díẹ̀ kí n yọ̀ sílẹ̀. Mo rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, torí Àmínù. Mo wo ẹsẹ̀ náà, wíwú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí mo ti ń rí eegun ìka mi, mo sì jókòó sí ibi tí mo wà. Ìka méjèèjì ṣì kú. Mi ò mọ ohun tí dókítà máa sọ ní Àtàláàtà.

Bá mi kí màmá, sọ fún wọn pé mò ń gbàdúrà fún wọn lẹ́yìn gbogbo ìrun. Fi ọwọ́ pa Tófúnmi lórí fún mi. Modinat ní kí n kí ọ, ó ní tí o bá ń bọ̀, kí o bá òun mú ẹ̀lùbọ́ dání. Tètè kọ̀wé sí mi, torí Ìyá Nuru yóò tún dé lọ́la, mi ò sì ní ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Tí wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò mí, màá kí wọn, màá sì máa jókòó. Mo ṣèlérí ìyẹn fún ọ.

Èmi ni tìrẹ ní Dapoya,
Mubarakah.