Ìmọ̀ràn Tí Mo Gbà Ọ́ Lórí La'ada

Abúlé Ìdí-Àràbà,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Kúbúrá ọmọ mi, Àgbékẹ́,

As-salaamu alaykun. Ṣé dáadáa ni o wà ní Kofar Marke, ṣé ooru Sókótó kò pọ̀ jù? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìrìn, ojú kò ní í tì ọ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún ìyá rẹ, àti ewúrẹ́ wa tó bí ìbejì tó wá kọ̀ láti fún ọ̀kan lọ́mú. Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti pè pé oní-ṣọ́ọ̀bù ti kó áàpù rẹ jáde.

Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Nígbà tí o wálé ọdún Iléyá, o ṣàlàyé fún mi pé áàpù tí o fi ń kọ́ àwọn Yorùbá ní èdè Hausa, ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ló wà, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá ra ẹ̀kọ́ ọgọ́rùn-ún náírà, oní-ṣọ́ọ̀bù á yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú bí mi. Mo ní la'ada kí nìyẹn, owó alágbàtà kí ni, ṣé òun ló bá ọ gbé ẹrù ni? Mo ní kí o kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ sí iwájú áàpù náà, kí àwọn oníbàárà máa sanwó fún ọ lẹ́yìn oní-ṣọ́ọ̀bù. O ní òfin wọn kò gbà bẹ́ẹ̀, mo ní ṣé oní-ṣọ́ọ̀bù ló bí ọ ni. O sì lọ ṣe é. Iṣẹ́ ọdún méjì, òun náà ni o fi ń jẹun, ó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o pè, o ò bú mi, o kàn ní kò burú. Kò burú yẹn ló ń dùn mí jù.

Ibraheem, tíṣà abúlé wa, sọ pé ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ilẹ̀kùn, inú fóònù ló wà. Mo bi í pé níbo ni oní-ṣọ́ọ̀bù ń sùn nígbà náà. Ó ní kí o kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí wọn. Mo ní ta ló ń fi ìwé bẹ àgbà? Mo ti ṣa ogójì obì tí kòkòrò kò jẹ, tí n ó fi bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín rí. Ẹ gbà pé àìsàn ló mú mi kúrò ní Sókótó. Irọ́ ni mo pa. Alhaji Sàní, alágbàtà obì kan níbẹ̀, ló gbà mí sílé, òun ló ń bá mi ta obì ní ọjà Babbar Kasuwa, tó ń yọ la'ada tirẹ̀. Lójú mi, ó kàn jókòó lórí ẹní ni. Mo bá ń ta obì fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tó gbọ́, kò pariwo, ó ní kí n kó ẹrù mi. Kò sí ẹni tó tún gbà mí sílé ní gbogbo ọjà yẹn, ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ni àwọn èèyàn fọkàn tán, kì í ṣe èmi. Ohun tó lé mi kúrò níbẹ̀ náà ni mo tún fi kọ́ ọ.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Ibraheem, kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún oní-ṣọ́ọ̀bù náà. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí ẹni tó ba ọjà rẹ jẹ́ tún máa tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n obì ni mo ní, n kò ní owó. Alhaji Sàní kú kí n tó padà lọ bẹ̀ ẹ́. Oní-ṣọ́ọ̀bù tìrẹ ṣì wà láàyè.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ọlọ́run yóò bá ọ ṣí ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ tì mọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tàjúdíìn.