Bọ́tìnì Ẹ̀gbẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Màmá ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá fi wá sílẹ̀, wọ́n ní ojú yín kéré jù nínú fóònù, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ránṣẹ́ ni àwọn máa fi rí yín. Kọ̀ǹpútà náà kò rí wáífáì ilé. Ojú tì mí láti pe atúnfóònùṣe ìsàlẹ̀ ilé wa, torí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, o ò tíì rí i mú?" Bàbá ń dápàárá. Wọ́n dúró títí, wọ́n sùn lọ lórí àga, wọn ò sì jí mọ́.

Àná ni mo rí bọ́tìnì wáífáì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Ó wà ní pípa. Màmá ṣì ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí dé etí Màmá.