Marlin Kò Mu Omi Ilé Wa

Ọjọ́rú, 8 oṣù Keje
Malo, àbúrò ọkọ mi, gbé ọmọbìnrin kan wálé lónìí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló lọ já a gbà nídìí kànga, wọ́n sọ ọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Bó ṣe ń ké ni wọ́n ń lu agogo ìyàwó. Marlin lorúkọ ẹ̀. Ẹnu-Pupa — ìyá ọkọ mi ni, ìwé yìí nìkan ló mọ̀ pé mò ń pè é bẹ́ẹ̀ — ní kí n máa gbóúnjẹ fún un, torí bí wọ́n ṣe gbé èmi náà wá nìyẹn. "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí irú wọn nínú." Mo ní ó dáa. Kò ṣe mí bíi nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 9
Kò jẹ, kò mu. Tó bá ti lè mu omi ilé wa pẹ́nrẹ́n, ó ti gbà láti fẹ́ Malo nìyẹn. Ó mọ̀. Ètè ẹ̀ ti ń bó. Mo gbé omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ gbé e kúrò." Èmi ló ń bẹ̀ pé kí n má bínú.
Malo ní ìtìjú lásán ni. "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ náà ò ké nígbà yẹn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára.

Ẹtì, 10
Kò mu.

Àbámẹ́ta, 11
Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá Marlin dé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gba èso pínáńgì tá a fi ṣe wọ́n lálejò bí obì, èyí tó ń sọ ẹnu di pupa, wọ́n ń jẹ ẹ́ — ọ̀rọ̀ di ẹṣin mélòó, ẹfọ̀n mélòó ni owó orí ẹ̀. Ẹnì kankan ò wọlé wò ó.
Ìyá ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gba pínáńgì. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ òun pé ó gbà. Wọ́n ní kó ní sùúrù, Rato, àgbà àṣà wa, á dá ẹjọ́ náà lọ́jọ́ Ajé.

Àìkú, 12
Marlin dákú láàárọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé á kú. Ẹnu-Pupa ti omi sí mi lọ́wọ́. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan, mo rọ ọ́ bí ẹni rọ ọmọ. Ó gbé e mì, ojú ẹ̀ ò là. Kó tó jí, agogo ti ń dún níta.
Ó gbọ́ agogo, ó wò mí. Kò bú mi. Ó dùn mí pé kò bú mi.

Ajé, 13
Àwọn àgbà pé. Ẹnu-Pupa ní ó ti mu. Rato bi mí, ṣé lóòótọ́? Lende ọkọ mi tẹjú mọ́lẹ̀. Mo ní ọwọ́ mi ló rọ ọ́, ó ti dákú, ẹni tó dákú ò lè gba nǹkan kan.
Ẹnu-Pupa rẹ́rìn-ín. "Ṣebí bí mo ṣe rọ ìwọ náà nìyẹn. O ti bímọ mẹ́ta. Ṣé o kú?"
Láti ọdún tí wọ́n ti gbé mi wá, wọ́n ní èmi ni mo fẹnu mi tọrọ omi. Mo gbà wọ́n gbọ́.
Rato ní kí ìyá Marlin máa mú ọmọ ẹ̀ lọ. Wọ́n lọ. Mo wá bi Rato pé èmi náà ńkọ́. Ó ń jẹ pínáńgì ẹ̀ lọ. Lende ní kí n dìde kí n lọ dáná, àwọn àgbà ò tíì jẹun.
Mi ò dìde. Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí.